Ọjọ́ ìkàwé láàárín ọ̀rẹ́ àtijọ́ n'Íbàdàn: kí ni kì í jẹ́ kó tú?

Ìyá Ẹlẹ́yẹlé
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọmọdé ibí. Obìnrin méje ni wá, ọ̀rẹ́ láti ilé ìwé, gbogbo wa ti lé lọ́gọ́ta ọdún, a sì ti fẹ̀yìn tì. A fọ́n ká láti Àpáta dé Àkóbọ̀. Ibi òkú àti ibi ìgbéyàwó nìkan la ti ń ríra, ariwo gbohùngbohùn kì í sì í jẹ́ ká gbọ́ra wa. A fẹ́ máa jókòó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù ká máa kàwé Yorùbá, ká sì sọ̀rọ̀ díẹ̀. A ò fẹ́ alága, a ò fẹ́ akápò. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó kó gbà wá nímọ̀ràn: ọjọ́ wo, wákàtí mélòó, ibo la ti máa rí ìwé tó dáa, kí ló sì máa ń tú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ká?

Bàbá Jẹ́ríkò
Ẹ kú ìmúra, Ìyá Ẹlẹ́yẹlé. Wọ́n á fi òwe bà yín lẹ́rù pé ogún ọmọdé kò lè ṣeré fún ogún ọdún. Ogún ni òwe wí, kò wí méje. Méje lórí ìwé máa ń di márùn-ún lórí àga, torí kò sí oṣù tí orúnkún kò ní ro ẹnì kan tàbí tí ọmọ ẹnì kan kò ní bímọ. Márùn-ún sì ni iye tó dáa jù. Bí wọ́n bá ti kọjá mẹ́fà nínú pálọ̀ kan, ọ̀rọ̀ á pín sí méjì, ẹni tí ohùn rẹ̀ kéré á dákẹ́ títí tí wọ́n á fi tú ká. Ẹ má gba ẹni kẹjọ, bó ti wù kó jẹ́ èèyàn dáadáa tó.

Bí ẹni mẹ́ta bá ti dé, ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sún un síwájú nítorí ẹni tí kò lè wá. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ sún un ni gbogbo yín á ti mọ̀ pé ó ṣeé sún.

Ní ti ọjọ́, Ọjọ́rú ni. Ẹ wo ọ̀sẹ̀ Ìbàdàn bó ṣe rí: Ọjọ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun, ọ̀pọ̀ nínú yín á wà ní báńkì tàbí lọ́dọ̀ dókítà. Ọjọ́bọ̀, àìsùn òkú ti bẹ̀rẹ̀. Jímọ́ọ̀ ń pe àwọn Mùsùlùmí, òkú sì ń sọ̀kalẹ̀. Sátidé, ẹ mọ̀ fúnra yín. Ọjọ́rú nìkan ló ṣẹ́ kù tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbà. Ẹ pè é ní "Ọjọ́rú kejì nínú oṣù", ẹ má fi déètì sí i, torí déètì máa ń bọ́ sórí Sátidé, àwáwí á sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí oṣù Disẹ́ńbà lọ lófo, kẹ́ ẹ sì ti sọ bẹ́ẹ̀ láti Nòfẹ́ńbà. Nínú Ramadan, ẹ gé e sí wákàtí méjì láìsí oúnjẹ. Ẹni tí kò gbààwẹ̀ náà kó fara mọ́ ọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn.

Tíṣà Mọ́kọ́lá
Ọ̀rọ̀ Bàbá Jẹ́ríkò dára. Ẹ jẹ́ kí n fi wákàtí kún un.

Ẹ pè é ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ogójì ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìkíni: ta ni ara rẹ̀ kò yá, ọmọ ta ló ti òkè òkun dé, ẹ̀jẹ̀ ríru ta ló ti wálẹ̀. Àwọn kan máa ń gé apá yìí kúrò kí ìwé kíkà lè tètè bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe gbáà ni. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kò jẹ́ kí èèyàn sọ tán níbi ìkíni á máa yọjú láàárín ìwé ni, ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan.

Láti 10:40 sí 12:10, kíkà jẹ́ẹ́. Kò sí ọ̀rọ̀, kò sí "ẹ gbọ́ èyí ná". Ẹni tó bá rí gbólóhùn tó dùn kó fi bébà pélébé há a. Ní 12:10, ẹnì kan á ka ojú ewé méjì tàbí mẹ́ta sókè, kó má ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Lẹ́yìn náà ni oúnjẹ. Ẹ tú ká kí aago méjì tó lù, torí nígbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé bá ń jáde, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ Ìwó Róòdù àti Mọ́kọ́lá á jẹ gbogbo adùn tẹ́ ẹ ti kó jọ.

Oúnjẹ kò gbọdọ̀ ṣáájú ìwé. Ẹni tó bá jẹ àmàlà tó sì di ìwé mú lẹ́yìn rẹ̀, oorun ló ń kà.

Fóònù: ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú abọ́ kan ní ilé ìdáná. Ẹyọ kan ṣoṣo, ti onílé, ni kó wà ní títàn. Kí olúkúlùkù ti fún àwọn ará ilé rẹ̀ ní nọ́ńbà yẹn ṣáájú, kí ọkàn lè balẹ̀ pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, wọ́n á rí òun pè.

Ọmọ Òjòó
Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà. Bí ẹ kò bá ní sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àtààbọ̀, kí ló dé tí olúkúlùkù kò kàwé rẹ̀ sílé?

Tíṣà Mọ́kọ́lá
@Ọmọ Òjòó, ìbéèrè gidi nìyẹn. Nílé, ọmọ-ọmọ á pè, aláṣọ tó ń kiri á kan ilẹ̀kùn, ìkòkò á máa hó lórí iná. Wákàtí kan àtààbọ̀ lórí ìjókòó kan, ọ̀pọ̀ ìyá ilé kò ní in àfi bí ẹlòmíràn bá bá a ṣọ́ ọ. Ohun tí ẹ̀ ń ṣe fún ara yín nìyẹn. Èkejì: ọ̀rẹ́ tuntun ni èèyàn máa ń wá ọ̀rọ̀ sọ fún. Ọ̀rẹ́ ogójì ọdún, ẹ lè dákẹ́ ti ara yín kí ojú má ti ẹnikẹ́ni. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn náà ń fẹ́ àyè, kò sì sẹ́ni tó ń fún un láyè níbi òde, níbi tí bàtá àti gángan ti ń dún.

Mo tún fẹ́ fi èyí kún un: fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kí olúkúlùkù ka ìwé tiẹ̀. Bí gbogbo yín bá mú ìwé kan náà, ẹni tó ń kà díẹ̀díẹ̀ á rí i pé òun wà lójú ewé kẹjọ nígbà tí ẹlẹ́gbẹ́ òun wà ní ogún. Kò ní sọ pé ojú ń ti òun. Á ní orí ń fọ́ òun, kò sì ní wá lóṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé ka Gẹ̀ẹ́sì nìkan lè má ka ju ojú ewé mẹ́wàá sí méjìlá ìwé Yorùbá lọ ní wákàtí kan. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín, á yára tó bá yá. Ẹni tó bá ní àmì ohùn ṣòro, kó máa ka gbólóhùn lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ojú, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ètè láìgbóhùn sókè. Ètè ló mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kí ojú tó mọ̀ ọ́n.

Atẹ̀wé
Ibi tí ìwé wà: Ìbàdàn kì í ṣe ìlú tí èèyàn á ti máa wá ìwé Yorùbá tì. Jẹ́ríkò ni àwọn ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ńlá dúró sí. University Press tó wà níbẹ̀ ti wà n'Íbàdàn láti 1949 gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka Oxford University Press, kó tó yí orúkọ padà lọ́dún 1978. Evans àti HEBN náà wà ní Jẹ́ríkò. Ẹ lọ síbẹ̀ fúnra yín, kẹ́ ẹ bèèrè àkójọ ìwé Yorùbá wọn. Ìwé tí ilé ìtàwé máa sọ pé "ó ti tán" lè ṣì wà níbi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ilé ìtàwé inú Yunifásítì Ìbàdàn náà dára, pàápàá fún ewì àti eré onítàn.

Ayédèrú pọ̀ lẹ́bàá títì. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ṣe nǹkan mẹ́ta yìí. Ẹ wo àmì ohùn: nínú ayédèrú, àmì orí lẹ́tà máa ń parẹ́ tàbí kó di àbàwọ́n dúdú kan, ẹ ò ní mọ èyí tó lọ sókè yàtọ̀ sí èyí tó lọ sílẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ìwé: bí gọ́ọ̀mù bá ń dún pàrà, ojú ewé á já kẹ́ ẹ tó dé ìdajì. Ẹ ka nọ́ńbà ojú ewé. Ìdìpọ̀ ojú ewé mẹ́rìndínlógún tàbí méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ń to ìwé. Bí ìdìpọ̀ kan bá sọ nù, ẹ máa rí i tó fò láti 48 sí 65 bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ìwé tó ní irú àlàfo bẹ́ẹ̀, ẹ má rà á ní iye kankan.

Ẹ má tìtorí pé ìwé kan gbówó lórí kẹ́ ẹ ṣe fọ́tókọ́pì odindi rẹ̀ ní mẹ́fà. Yàtọ̀ sí pé ó lòdì sófin, owó bébà náà kò ní jìnnà sí owó ìwé. Ẹ ra méjì, ẹ máa gbé e yípo.

Ohun mìíràn: ìwé tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú 1974 kò ní rí bí èyí tí àwọn ọmọ-ọmọ yín ń kà. Ọdún yẹn ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun, ìyẹn ìlànà kíkọ Yorùbá sílẹ̀, lẹ́yìn iṣẹ́ ìgbìmọ̀ ọdún 1966. Nínú ìwé àtijọ́, ẹ máa rí aiye, enia, nwọn, yio, onjẹ, alafia. Ayé, ènìyàn, wọ́n, yóò, oúnjẹ àti àlàáfíà ni wọ́n. Wọn kì í sì í sábà fi àmì ohùn sí i, àyíká ọ̀rọ̀ ni kẹ́ ẹ fi mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ogún bẹ́ẹ̀ sórí káàdì kan, kẹ́ ẹ fi sínú ìwé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lé lọ́gọ́ta, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àkọtọ́ àtijọ́ yẹn lẹ fi kọ́ ìwé kíkà, á sì rọ̀ yín lọ́rùn ju ọmọ tíṣà lọ.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Ẹ má gbàgbé ojú o. Lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún, nọ́ńbà agbára awò ìkàwé sábà máa ń wà láàárín +2.00 sí +3.00. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ń kiri láìdán an wò: ẹ di ìwé mú ní ìwọ̀n ogójì sẹ̀ǹtímítà sí ojú, bí lẹ́tà kò bá dúró dáadáa, kì í ṣe tiyín. Bí orí bá ń fọ́ yín lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ó lè jẹ́ pé awò ti lágbára jù tàbí kò tó.

Ìmọ́lẹ̀: ẹ kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ gba orí èjìká bọ́ sórí ìwé. Ẹni tó kọjú sí fèrèsé, ojú ìwé rẹ̀ á wà nínú òjìji. Ẹ má gbára lé NEPA. Bí pálọ̀ bá ṣókùnkùn, ẹ gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ má tan jẹnẹrétọ̀, torí ariwo rẹ̀ ni ẹ sá fún wá síbẹ̀.

Ẹni tó bá ń kọlu ilẹ̀kùn, tó ń rí àárín ṣùgbọ́n tí kò rí ẹ̀gbẹ́, kó má ra awò, dókítà ojú ni kó lọ rí. Glaucoma, àrùn ojú tó ń mú ìríran lọ díẹ̀díẹ̀, kì í sábà dunni, ohun tó bá sì ti gbé lọ lójú kì í dá a padà. Ẹ̀ka ìtọ́jú ojú wà ní UCH, ọsibítù ńlá tó wà n'Íbàdàn. Ẹni tí òbí tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ní in, kó máa lọ lọ́dọọdún bí nǹkan kan kò tiẹ̀ ṣe é.

Alhaja Òkè-Àdó
Ẹ ti sọ ìwé, ẹ ti sọ ojú. Èmi fẹ́ sọ ohun tó máa ń tú u ká gan-an: owó ni.

Ẹ má dá èésú sínú rẹ̀. Àjọ dára, ẹ dá a níbòmíràn. Bí owó bá ti wọ inú ìpàdé, ẹni tí kò rí tirẹ̀ san lóṣù yìí kò ní wá, ojú á tì í, ẹ̀yin á sì rò pé ìwé ló sú u.

Oúnjẹ: ọbẹ̀ kan, òkèlè kan, omi. Kí onílé fi owó ara rẹ̀ sè é, kí ẹnikẹ́ni má gbé nǹkan wá àfi ọsàn tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Onílé tó bá se ìrẹsì àti adìyẹ lóṣù kìíní ti ba ti oṣù kejì jẹ́, torí ẹni tó kàn á rò pé òun gbọ́dọ̀ fi ẹja kún un, ẹni kẹta á sì máa ṣàìsàn. Àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú tó. Fún ẹni mẹ́fà tó ti dàgbà, èlùbọ́ ìdajì kóńgò tó lé díẹ̀ á kárí, pẹ̀lú ẹ̀wà agolo mílíìkì mẹ́ta fún gbẹ̀gìrì. Ẹ rẹ ẹ̀wà yẹn lálẹ́ Ìṣẹ́gun kẹ́ ẹ sì bó o, kí onílé má baà wà ní ilé ìdáná nígbà tí àwọn tó kù ń kàwé. Onílé tí kò kàwé lọ́jọ́ náà, alásè ni, kì í ṣe ọ̀rẹ́.

Aṣọ ẹbí: ẹni tó ní òde lè kéde òde. Kó má gbé aṣọ wá, kó má dárúkọ iye. Ẹni tó bá fẹ́ rà á á pè é lórí fóònù. Ẹ kò sì gbọdọ̀ bi ẹnikẹ́ni pé kí ló dé tó wọ tirẹ̀ wá.

Ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tó wà ní ọsibítù: kí olúkúlùkù fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹni náà tààrà. Kò sí àkọsílẹ̀, kò sí kíkà jáde. Àkọsílẹ̀ ló máa ń fi ẹni tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò tíì wọlé sùn. Kí wọ́n yá ara wọn lówó? Ẹ má sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn rárá.

Bàbá Jẹ́ríkò
Alhaja, ẹ ṣeun. Àwọn méjì tó bá ń bínú síra wọn ńkọ́?

Alhaja Òkè-Àdó
Ẹ má ṣe ẹjọ́ wọn níwájú gbogbo èèyàn. Ẹnì kan, èyí tó dàgbà jù, kó lọ bá ìkọ̀ọ̀kan wọn nílé. Lọ́jọ́ ìkàwé, ẹ tò wọ́n sí apá kan náà, kí ẹnì kan jókòó sáàárín wọn. Bí wọ́n bá kọjú síra, wọ́n á máa wo ojú ara wọn, wọn ò ní ka nǹkan kan.

Tíṣà Mọ́kọ́lá
Ẹ tún lè fún wọn ní eré onítàn kí wọ́n jọ kà á sókè, ẹnì kan ọkọ, ẹnì kan ìyàwó.

Alhaja Òkè-Àdó
Tíṣà, ẹ má bá mi dá ogun sílẹ̀.

Alákọ̀sílẹ̀
Ìwé yíyá ni ẹ gbàgbé o, òun náà sì máa ń pa ọ̀rẹ́. Ẹ ra ìwé àjákọ kan, ẹ fa ìlà márùn-ún: ọjọ́, orúkọ ìwé, ẹni tó yá a, bí ìwé ti rí, ọjọ́ tó máa padà. Ìlà kẹrin ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé "èèpo ti ya, ojú ewé 30 ní àbàwọ́n epo", kí wọ́n má baà fẹ̀sùn kan ẹni tí kò ṣe é. Ìwé kan lẹ́ẹ̀kan, títí di ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹni tó sọ ìwé nù kó wá òmíràn rà, kó má san owó. Owó á tán, ìwé kò ní sí.

Ẹ fi bébà kàlẹ́ńdà bo èèpo, bí a ti ń ṣe fún àwọn ọmọ ilé ìwé, kí ibi tó ń dán wà nínú. Ojú ewé tó ya, ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Ó ń pọ́n, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á sì yọ́ mọ́ ojú ewé kejì. Sítáàṣì tútù díẹ̀ àti bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló dáa. Ẹ gbé pẹpẹ ìwé jìnnà díẹ̀ sí ògiri àti sí ilẹ̀, nítorí ikán máa ń gba ògiri wá. Nígbà òjò, ẹ máa ṣí ìwé fẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kó má baà bu, ẹ sì lè fi káńfọ̀ sí igun pẹpẹ.

Ọmọ Òjòó
Bí omi bá dà sí i ńkọ́, ṣé ká sá a sóòrùn?

Atẹ̀wé
Rárá o. Oòrùn á mú ojú ewé ká kòrókòró, èèpo á sì tẹ̀. Ẹ fi tíṣù há ojú ewé mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹ nà án ró bí abẹ̀bẹ̀ níwájú fáànù, ẹ máa pààrọ̀ tíṣù títí yóò fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ gbé ohun wúwo lé e lórí fún ọjọ́ méjì. Káńfọ̀ tí Alákọ̀sílẹ̀ wí náà, ẹ dì í sínú aṣọ, kó má kan ìwé, kẹ́ ẹ sì gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ní tó. Májèlé ni bí ọmọ bá gbé e mì.

Ìyá Ẹlẹ́yẹlé
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ kò ní ṣìnà. Ìbéèrè méjì ló kù. Ẹnì kan nínú wa wà ní Toronto báyìí lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, kò sì fẹ́ kí á yọ òun sílẹ̀. Ekejì: bí òjò bá dé ńkọ́?

Tíṣà Mọ́kọ́lá
Ti Toronto: aago wọn fi wákàtí mẹ́fà kéré sí tiwa nígbà òtútù wọn, márùn-ún nígbà ooru. Kíkà sókè tó bẹ̀rẹ̀ ní 12:10 á bá a ní aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ tàbí méje kọjá díẹ̀ láàárọ̀, kí ìjẹun òwúrọ̀ tó dé. Ẹ pè é fún ogún ìṣẹ́jú yẹn nìkan. Ẹ lo ohùn, ẹ má lo fídíò: kì í jẹ dátà púpọ̀, ẹ kò sì ní máa yí fóònù kiri. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kọ̀, ẹ gba ohùn sílẹ̀ kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ pa fáànù, ẹ gbé fóònù sórí aṣọ tí ẹ ká, kó má jìnnà ju ọwọ́ kan lọ sí ẹnu ẹni tó ń kà. Oṣù kan nínú mẹ́ta, kí òun náà ka tirẹ̀ fún yín.

Bàbá Jẹ́ríkò
Ti òjò: bó bá ń rọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń kà jẹ́ẹ́, kò sí ìyọnu, kò sí àsìkò tó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà kíkà sókè ni pánù kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ nǹkan kan. Ẹ dúró kó dá, tàbí kẹ́ ẹ padà sí kíkà jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ń rọ̀ láti òru títí di aago mẹ́jọ, kí ẹni tó ń gba odò kọjá má jáde. Ìkún omi odò Ògùnpa ọdún 1980 àti ìkún omi Ìbàdàn ti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, ìparí oṣù kẹjọ ni méjèèjì bọ́ sí, àwọn afárá sì wó ní ti 2011. Ẹni tó wà ní òdìkejì odò lóṣù kẹjọ kó kàwé rẹ̀ sílé lọ́jọ́ náà, kẹ́ ẹ pè é ní 12:10 bí ẹ ó ti pe ti Toronto.